Ìka àárín mi, ìbọ̀wọ́ dọ́là márùndínlógójì, àti bàbá tó gé ìdí ìbọn mi kúrú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣèlérí tipẹ́ pé mo máa kọ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ ìbọn yìí, èyí tá a fi ń ṣeré ìdárayá, tá a fi ń yin àwo lófuurufú, pàápàá fún ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ bi mí pé ṣé ọwọ́ ò ní máa dùn wá tá a bá bẹ̀rẹ̀. Ó máa dùn yín o, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ti náwó sórí ìbọ̀wọ́, mo ti náwó sórí rọ́bà ìdí ìbọn, mo ti náwó sórí rọ́bà kékeré mìíràn, kí n tó wá gbé ìbọn náà lọ bá bàbá kan tó ń wọn ìbọn fún èèyàn bí télọ̀ ṣe ń wọn aṣọ. Nínú gbogbo ẹ̀, ti bàbá yẹn ló mú ìrora ọwọ́ mi lọ, ọ̀kan nínú àwọn yòókù tiẹ̀ dá kún ìrora náà ni, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́ kẹ́nikẹ́ni má bàa ná irú owó tí mo ná.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi bá yín mu. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston níbí, wákàtí méjìlá méjìlá la fi ń ṣiṣẹ́. Mi ò ga, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì méjì péré ni mí, apá mi kúrú, ìbọ̀wọ́ tó kéré jù lọ nínú páálí ni mò ń wọ̀ níbi iṣẹ́. Ọwọ́ yìí ni mo fi ń wá iṣan lára àwọn arúgbó tí iṣan wọn ò hàn síta mọ́, tó bá wú tàbí tó bá ń kú tipiri, ara aláìsàn ló máa hàn sí, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fara da ohun tí àwọn kan ń sọ ní réǹjì, ìyẹn ibi tá a ti ń yìnbọn, pé ara á mọ́ ọ lára. Kò gbọdọ̀ mọ́ mi lára.

Bọ̀dá kan ní ìjọ wa ló kọ́kọ́ mú èmi àti ọkọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí àwo nínú George Bush Park, lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ kan ló máa ju àwo kékeré aláwọ̀ ọsàn sófuurufú, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju mìlímítà 108 lọ, amọ̀ ni wọ́n ń pè é àmọ́ kì í ṣe amọ̀ mọ́, òkúta ẹfun lílọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú pò ni. Ẹ ó pariwo pé "pull", ó máa fò jáde, ẹ ó yìn ín. Ìgbà tí tèmi àkọ́kọ́ fọ́ túútúú lójú ọ̀run bí ẹyin, mo ké. Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n lápá Ìgbẹ́tì, ṣakabùlà wọn máa ń wà lára ògiri yàrá, àwa ọmọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, wọ́n sì ti kú kí n tó dàgbà tó láti bi wọ́n léèrè bó ṣe ń ṣe wọ́n tí wọ́n bá yìn ín. Mo ronú kàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ra tèmi, àlòkù, géèjì 12 (bí ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń pè ní géèjì), èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì fà sẹ́yìn kó tó kó kátíríìjì mìíràn wọlé. Ẹni tó tà á fún mi ní ó fúyẹ́, ó dáa fún obìnrin. Irọ́ pátápátá nìyẹn, mi ò sì mọ̀ nígbà yẹn. Ìbọn tó fúyẹ́ ló ń gba èèyàn jù, torí agbára kan náà tó ń lé ọta lọ síwájú ló ń lé ìbọn padà sí yín lára, tí ìbọn bá wúwo agbára yẹn á kọ́kọ́ ṣe wàhálà láti gbé e kúrò lójú kan kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tèmi ò tó páùn méje. Wọ́n tún ta kátíríìjì tó le fún mi, mo yin páálí mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú páálí kan, ẹ ro ó wò, ọgọ́rùn-ún ìgbà ló gbá mi.

Èjìká ni gbogbo èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ló pa mí. Irin róbótó tó yí tírígà ká, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń lu oríkèé ìka àárín mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá yìn ín, ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, tó fi di pé ó dúdú, ó sì wú. Àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ náà ń ta mí, ọrùn ọwọ́ mi ò fẹ́ yí. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn mi ò lè ṣí ìgò omi. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo wọṣẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni ìbọ̀wọ́, dọ́là márùndínlógójì, awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lápá ẹ̀yìn, wọ́n wá fi nǹkan bíi tìmùtìmù kékeré sí àtẹ́lẹwọ́. Mi ò ní bú u, ó dáa fún ohun tó dáa fún. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ tí oòrùn Houston ń bó èèyàn lára, òógùn ò jẹ́ kí ọwọ́ di nǹkan mú, ìbọ̀wọ́ yẹn jẹ́ kí n di ìbọn mú dáadáa láìfún un pa, ọ̀pá ìbọn tó ti gbóná ò sì jó mi lọ́wọ́ òsì mọ́. Àmọ́ fún oríkèé ìka, asán ni, torí pé àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi tìmùtìmù sí, iwájú ìka àárín sì ni irin ń lù, awọ ibẹ̀ ò nípọn ju ewé lọ. Mo wá èyí tó nípọn ní gbogbo ìka, mo rí i, mo dá a padà lọ́jọ́ kejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á rárá, torí ìka tó wà lórí tírígà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Tí ìka bá ti sanra nínú ìbọ̀wọ́ tí ẹ ò sì mọ ìgbà tó kan irin, ìbọn lè dún nígbà tẹ́ ò tíì fẹ́ kó dún. Ìrora ọwọ́ sàn ju ìyẹn lọ.

Ìkejì ni rọ́bà tí wọ́n máa ń fi bọ ìdí ìbọn bí ìbọ̀sẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ní kí n rà á. Èjìká mi dúpẹ́ o, mi ò ní parọ́, ọjọ́ tí mo fi í sí i mo yin àádọ́ta, èjìká ò mọ nǹkan kan. Ìka àárín mi wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ó yà mí lẹ́nu, mo rò pé mo ti ń ya wèrè, báwo ni nǹkan tó yẹ kó dín gbígbá kù ṣe máa jẹ́ kó lu ọwọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń lò ó bẹ́ẹ̀, tí mò ń fi yìnyín sí ìka lálẹ́, tí mò ń di páńdéèjì mọ́ ọn láàárọ̀ kí n tó wọ mọ́tò.

Lẹ́yìn náà mo ra rọ́bà pélébé kan tó jẹ́ dọ́là mẹ́jọ, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn irin tó yí tírígà ká, kí irin má bàa lu ìka ní tààrà. Owó ẹ̀ ò pọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ níwọ̀nba, ìka ò dúdú mọ́ ṣùgbọ́n ó ṣì ń wú. Ooru inú mọ́tò ló bá a jẹ́, gúlúù ẹ̀ yọ́, ó ń yí gbirigbiri lára irin, mo yọ ọ́ kúrò kó má bàa lọ há sẹ́yìn tírígà.

Ọkọ mi náà ní tiẹ̀ o, tiẹ̀ yàtọ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni tiẹ̀, èyí tí ẹnu kan wà lókè tí ìkejì wà nísàlẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà lórí ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i. Ó máa ń gbé àtàǹpàkò ẹ̀ sórí ìbọn gbọọrọ sẹ́yìn irin yẹn dípò kó fi yí ọrùn ìbọn ká, ìbọn bá gbá, irin yẹn ya á láwọ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn. Ohun tó wo ti ọkọ mi sàn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n ní kó yí àtàǹpàkò kọjá sápá kejì, ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí. Mo sọ èyí torí pé kì í ṣe gbogbo ìrora ló ń fẹ́ owó, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan ti ń lù yín.

Bọ̀dá yẹn ló wá sọ fún mi pé bàbá òyìnbó kan wà tó jẹ́ pé wíwọn ìbọn fún èèyàn ni iṣẹ́ ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kékeré, ó ń rùn fún òróró àti igi gígé, kò sí ohun ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. Mo ti ju ẹni ogójì ọdún lọ, bàbá yẹn lè bí mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n tún ki ìka bọ inú ẹ̀ láti mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n wá fi han èmi náà kí n wò ó. Mo ti bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́ tí wọn ò fara balẹ̀ tó báyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n dijú, kí n gbé ìbọn sí èjìká bí mo ṣe máa ń gbé e, kí n wá lajú. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo èjìká mi, wọ́n fa téèpù yọ.

Láti tírígà dé òpin ìdí ìbọn, 14 àti ààbọ̀ íǹṣì ni wọ́n wọ̀n. Rọ́bà bí ìbọ̀sẹ̀ tí mo fi sí i ti sọ ọ́ di 15 àti ààbọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin tó ga ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni irú ìbọn yẹn yẹ. Wọ́n wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi, ara mi tutù. Ìbọn gùn jù mí lọ, ìdí ẹ̀ ò wọnú kòtò èjìká, orí egungun apá ló dúró sí, apá ọ̀tún mi nà tán, ọwọ́ tó bá sì nà tán kì í lágbára láti di nǹkan mú. Ọrùn ìbọn tún sanra ju ọwọ́ mi lọ, kí n tó lè kan tírígà mo máa ń fa ọwọ́ síwájú, ìka àárín mi á wá fẹ̀yìn irin yẹn jókòó tímọ́tímọ́ láìsí àlàfo kankan. Tí ìbọn bá gbá, kò sí ohun tó dá a dúró ní èjìká, ìka mi ni ohun àkọ́kọ́ tó bá pàdé. Rọ́bà tí mo rà fún èjìká ló fi íǹṣì kan kún gígùn tó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Ó wá yé mi.

Wọ́n gé igi ìdí ìbọn náà, wọ́n fi rọ́bà gidi tó rọ̀ sí ìdí ẹ̀, wọ́n yọ́ ọ kó bá igi dọ́gba, wọ́n fá ọrùn ẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ mi lè yí i ká. Ó di 13 íǹṣì àti ìdá mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ní kí n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò nílé ni pé tí mo bá gbé e sí èjìká tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí igi, ìka méjì sí mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wọ àárín imú mi àti àtàǹpàkò. Tí imú bá ti ń kan àtàǹpàkò, wọ́n ti gé e kúrú jù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, igi tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé so padà, ẹ má fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n tún kọ́ mi ní dídìmú, wákàtí kan gbáko, láìsan owó kún un. Ọwọ́ òsì tó wà níwájú, kí n dì í bí ẹni di adìẹ àgbébọ̀ mú lọ́jà, kó má lè fò lọ kó má sì kú. Mo ti máa ń fún un pa tẹ́lẹ̀, ìdí tí ọrùn ọwọ́ òsì mi fi ń ro mí nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún, àwọn ìka mẹ́ta tó kù ló ń di ìbọn mú tí ó ń fà á wá sí èjìká, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín ìka àárín àti irin, kí ọrùn ọwọ́ wà ní títọ́, kí n sì ti ìdí ìbọn mọ́ èjìká kí n tó yìn ín, torí tí àyè bá wà láàárín wọn ìbọn á rí ibi sáré kó tó gbá èèyàn. Lọ́jọ́ tá a jọ lọ réǹjì, wọ́n fi kátíríìjì òfìfo kan sáàárín àwọn gidi láìsọ fún mi. Mo fa tírígà, kò dún, àmọ́ ẹnu ìbọn rì wálẹ̀ wìì, gbogbo ara mi ti gbọ̀n rìrì kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ìrora oṣù méjì ti sọ ẹ̀rù sí mi lára. Ìyẹn ló pẹ́ jù lọ kó tó kúrò.

Ọ̀rọ̀ kátíríìjì ni mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun lówó ẹ̀ kéré jù tó sì ṣiṣẹ́ jù lẹ́yìn ti gígùn ìbọn. Ẹ wo ara páálí ẹ̀. 12 ni géèjì, 2¾ ni gígùn ẹ̀ ní íǹṣì, 7½ tàbí 8 tàbí 9 ni bí ọta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ ṣe tóbi tó, nọ́mbà tó bá ga jù ọta ẹ̀ ló kéré jù. Ẹ ó wá rí ìwọ̀n ọta, áúnsì 1⅛ tàbí 1 tàbí ⅞, àti eré tó ń sá, bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,150 tàbí 1,200 tàbí 1,300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí ló ń lù yín. Áúnsì 1⅛ tí wọ́n tà fún mi, gírámù 32 nìyẹn. Èyí tí mò ń yìn báyìí jẹ́ gírámù 24, eré ẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹnì kan ní réǹjì sọ fún mi pé ìyẹn ò lágbára láti fọ́ àwo. Ẹ má gbọ́ ti wọn, ní Olíńpíìkì gírámù 24 ni òfin gbà, àwọn tó dáa jù láyé ló sì ń fi í fọ́ àwo tó jìnnà sí wọn tó ń sá bí ẹyẹ àṣá.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kúkú ra géèjì 20, tí ọ̀pá ẹ̀ kéré sí ti 12. Ó lè dáa, àmọ́ ìbọn ẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́, kì í wá gbá èèyàn kéré tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ tí 20 àti 12 bá jọ wà nílé yín: kátíríìjì 20 aláwọ̀ ìyeyè, ẹ má jẹ́ kó wọ inú àpò kan náà pẹ̀lú ti 12 láé. Tó bá ṣèèṣì wọ inú ìbọn 12, ó máa rọra wọlé lọ há sínú ọ̀pá, ẹ ó rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ ó ki 12 mìíràn sí i, ọ̀pá ìbọn á bẹ́ lójú yín. Ó ti ya ọwọ́ àwọn èèyàn dànù.

Mo ti yin ti bọ̀dá yẹn náà, Beretta A400, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ẹ̀tù ṣiṣẹ́. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń lé ọta lọ ló máa ń gbà láti inú ọ̀pá, á fi ti písítìnnì sẹ́yìn láti ju kóòpo síta kó sì kó òmíràn wọlé fúnra ẹ̀, gbígbá náà á wá pín sí ìgbà díẹ̀ dípò kó dé lẹ́ẹ̀kan. Ó ń tì yín ni, kò lù yín. Ọwọ́ mi ò mọ nǹkan kan lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kátíríìjì. Kì í ṣe nǹkan tuntun o, Remington 1100 ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1963, ẹ ṣì lè rí i rà ní àlòkù lówó tí ò ga. Tẹ́ ẹ bá lówó tí oríkèé ọwọ́ sì ti ń yọ yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀, irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi kátíríìjì tẹ́ ẹ fẹ́ máa lò dán an wò, torí àwọn kan nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í lè ju kóòpo kátíríìjì tó rọ̀ jù síta.

Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín, tí àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín bá ń kú tipiri lóru tàbí tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, iṣan ọpọlọ tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ló ń ké yẹn, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má jẹ oògùn ìrora kẹ́ ẹ tó lọ yìnbọn, ó máa bo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní sí ṣọ́ọ̀bù bàbá náà ò pọ̀, àmọ́ ó dùn mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà, wọn kì í gbé fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wakọ̀ lọ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ tí mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó tó igba dọ́là tí mo san lápapọ̀, ó ju ìdajì owó tí mo fi ra ìbọn àlòkù náà lọ, ọkọ mi ò tíì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi gbà. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ìkarùn-ún ni ti fóònù tí wọn ò gbé. Rọ́bà dọ́là mẹ́jọ, méjì. Ìbọ̀wọ́, mẹ́ta, fún òógùn nìkan. Rọ́bà bí ìbọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ bá ga tí apá yín gùn ẹ rà á, tẹ́ ẹ bá kúrú bíi tèmi ẹ má fọwọ́ kàn án.

Sátidé tó kọjá mo yin páálí mẹ́ta, mo fọ́ méjìdínláàádọ́ta nínú márùndínlọ́gọ́rin. Ọjọ́ Sọ́ńdè mo wọṣẹ́, ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí ẹni méjì ti gún tí wọn ò rí iṣan. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gún wọn.